Àṣírí Tí Mo Bá ní Kútọnu

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi. Bí èèyàn bá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tó sùn nínú yàrá rẹ̀, tó jẹ nínú abọ́ rẹ̀, tó sì rí bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló ni ohun tó rí yẹn? Ṣé ẹni tó rí i ni, àbí ẹni tí wọ́n rí? Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní irú ìbéèrè wo lèyí, pé ṣé ohun tí ojú rí náà tún ń ní olówó ni. Ẹ fara balẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ pé ìbéèrè ni, àfi ìgbà tí mo padà délé, tí ìyá kan dúró níwájú mi, tó mú kóńgò ẹlùbọ́ lọ́wọ́, tó ní, "Ọmọ mi, báwo lo ṣe bá a?"

Ọ̀rẹ́ tí mò ń wí yìí, Akọ̀wé la máa ń pè é nílé ìwé girama, nítorí òun ni tíṣà máa ń fi ṣọ́ọ̀kì lé lọ́wọ́ pé kó kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú pátákó. Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó kọ orúkọ èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì jẹ ẹgba nítorí ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní, "O pariwo àbí o ò pariwo?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún mi, màá padà wá gbà á.

Ìdánwò JAMB dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ọdún 2022, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹlùbọ́ lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn kó owó àjọ, ó fi èrè ọjà kún un, ó sì rán an lọ sí yunifásítì aládàáni kan ní Kútọnu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni nítorí àwa ọmọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, orí fóònù la ti máa ń ríra. Fọ́tò tó bá fi ránṣẹ́, etí òkun ni, tàbí kó dúró ti ère ńlá kan, kó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Èmi ń mu gàárì ní hósítẹ̀lì, mò ń wo fọ́tò. Mo jowú díẹ̀, kí n má purọ́. Nígbà tí a gba ìsinmi lóṣù kẹjọ ọdún 2024, mo ní màá lọ wo bí ọmọ Kútọnu ṣe ń ṣe, kí n lo ọjọ́ mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Máìlì Tú l'Ékòó ni mo ti wọ ọkọ̀. Ọ̀nà Bádágírì kò ṣeé ròyìn. Mo ń ka iye ibi tí wọ́n ti dá wa dúró, nígbà tó pé ogún, mo dákẹ́, mo gbójú sójú fèrèsé. A kọjá ẹnubodè ní Sẹ̀mẹ̀, mo ní mo ti dé ilẹ̀ òkèèrè. Àmọ́ ṣé ilẹ̀ òkèèrè tiẹ̀ ni? Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe lọ́dún 1889 ló pín àgbègbè yẹn, tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àjàṣẹ́ tó jẹ́ olú-ìlú wọn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá ń dún níbẹ̀ bí ẹni wà l'Ábẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni wọ́n ń pè wá. Ní Kútọnu, Fọ̀n ló pọ̀ lẹ́nu wọn, síbẹ̀ etí mi kò sinmi. Obìnrin tó ń ta omi ní ibùdókọ̀ kí mi ní "kwabọ", mo rò pé Yorùbá ló ń sọ. Ọ̀kadà tó gbé mi, zemidjan ni wọ́n ń pè é, ìyẹn pé "gbé mi kíákíá". Ẹni tó ń wà á, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn, kẹkẹnọ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ tiwa yìí náà mà ni! Inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá ní yunifásítì, ẹ mọ bí wèrè wa ṣe rí.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Akọ̀wé fi ìlú hàn mí. A lọ wo ère obìnrin jagunjagun Dàhòmì tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022, gíga rẹ̀ jẹ́ 30 mítà. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Ère inú fọ́tò nìyẹn. A lọ sí etíkun Fidjrossè, a jẹ ẹja yíyan pẹ̀lú àkàsà, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ tiwa gan-an ni, àwọn kan sì kọ orin tí gbogbo ayé mọ̀ yàtọ̀ sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ki ọwọ́ bàpò, ó gbá a mọ́lẹ̀. "Àlejò mi lo jẹ́." Àwọn àgbà ní lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Mo mọ òwe yẹn, mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí. N kò rántí ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹja ló wà lójú mi.

Yàrá tí òun àti ọmọ Ìjẹ̀bú kan jọ ń gbé wà ní Akpakpa, ní òdìkejì ọ̀sà, nínú ọ̀kan nínú àwọn ojúlé kéékèèké oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní von. Mátírẹ́ẹ̀sì méjì, fáànù kan, bẹ́líìtì okùn tí wọ́n so aṣọ kọ́. Wọ́n fún mi ní mátírẹ́ẹ̀sì tó nípọn, àwọn méjèèjì há ara wọn mọ́ orí èkejì. Mo ní kí n sùn sílẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀ jàre.

Ní ìta von yẹn, níbi tó ti pàdé títì, ìyá kan máa ń jókòó ti tábìlì tó to ìgò epo bẹntiróòlù sí, ìgò ọtí, ìgò róbótó ńlá kan sì wà láàárín tó ń tàn nínú oòrùn bí oyin. Kpayo ni wọ́n ń pe epo yẹn. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni èyí tí kì í ṣe ojúlówó. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ojúlówó epo Nàìjíríà ni, tí wọ́n gbé gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Gbogbo ìlú mọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ń mu ún, wọ́n sì ń rìn. Ìyá yẹn sọ fún mi, Akọ̀wé ló túmọ̀ rẹ̀, pé láti ìgbà tí ààrẹ wa ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kpayo wọ́n, àwọn oníbàárà òun kan sì ti ń lọ sí ilé epo. Ó ní kí n kí Tinubu fún òun. Mo ní mo gbọ́, mà.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo ní kí Akọ̀wé mú mi dé kíláàsì rẹ̀. Ó ní wọ́n ti wà ní ìsinmi. Mo ní ṣebí ó gbé báàgì jáde láàárọ̀ kùtù kó tó padà wá mú mi lọ́sàn-án. Ó ní láíbúrárì ni. Iná mànàmáná wà lọ́jọ́ náà, ó ń tàn sí i lórí, mo sì rí i pé òwú wà nínú irun rẹ̀, fúlúfúlú, pupa àti búlúù. N kò tíì rí láíbúrárì tó ń fi òwú síni lórí. Mo kàn na ọwọ́, mo mú ọ̀kan kúrò, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wò ó. Òun náà wò ó. Ọmọ Ìjẹ̀bú dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra kádì fóònù.

Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí, n kò fi kún un. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn Nàìjíríà kan kọ ọ́ síta nínú ìwé ìròyìn Daily Nigerian pé òun gba ìwé ẹ̀rí dìgírì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba wa dá gbígba ìwé ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Akọ̀wé ń lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́ ní tirẹ̀, ó ń kọ nóòtì, ó ń ṣe ìdánwò, kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí ẹlẹ́gbin kan bá su sí odò, gbogbo ẹni tó pọnmi níbẹ̀ ni wọ́n ń fura sí. Ó ní, "Kpayo ni wọ́n sọ ìwé mi dà kí n tó gbà á." Èkejì, owó. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, 50,000 náírà tí ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lóṣù máa ń di nǹkan bí 40,000 sẹ́fà. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Ìyá náà ń fi kún un. Ó ta fírísà ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹlùbọ́ láwìn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló tẹ Akọ̀wé láago tó sọ fún un.

"Mo jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì yìí," ló wí, "mo ní ìyá mi ń ta ilé tà fún ìwé tí wọn ò ní gbà lọ́wọ́ mi." Ó dá ìwé dúró. Ó wá iṣẹ́ ní Missèbo, níbi tí wọ́n ti ń tú bélì òkìrìkà. Ó sì pe ìyá rẹ̀, ó ní òun ti rí sikọ́láṣíìpù gbà, kó má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ rí i? Irọ́ ni. Irọ́ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ owó ìyá ẹ̀, irọ́ tó ní kí ìyá máa jẹ owó ara ẹ̀ ni. Mo wá ọ̀nà tí màá fi bínú sí i, n kò rí i.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kó mú mi lọ síbi iṣẹ́. Kò fẹ́. Mo ní ìlú rẹ ni mo wá wò, ère yẹn ti tó gẹ́ẹ́. A kọjá afárá nígbà tí ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun, ọ̀sà Nokoué wà nísàlẹ̀, ọjà Dantokpa ti ń hó. Missèbo kò jìnnà síbẹ̀. Mo ti ń wọ òkìrìkà láti kékeré, n kò mọ ibi tó ti ń wá. Àwọn bélì tò gègèrè dé àjà, wọ́n fi ọ̀rá dì wọ́n, wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbà wọ́n lábẹ́ bí ẹran àgbò. Bí wọ́n bá gé irin yẹn, aṣọ á wú sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ìyẹ̀fun tó wọ omi, òórùn kan á sì jáde, òórùn àpótí arúgbó àti oògùn kòkòrò. Àwọn obìnrin ti ń dúró. Kí aṣọ tó délẹ̀, ọwọ́ mẹ́wàá ti wà nínú ẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ìjọba wa ti kà á léèwọ̀ láti kó òkìrìkà wọlé.

Mo rò pé màá rí ẹrú. Ẹ foríjì mí, bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ohun tí mo rí ni Akọ̀wé. Ó jókòó sórí bélì kan, ó fi péńsù sétí, ìwé jọ́tà wà lórí itan rẹ̀, ó ń kọ iye tó jáde: àkọ́kọ́, èkejì, èyí tó ya. Ó ń bá obìnrin Fọ̀n kan jà lédè Fọ̀n, ó yí padà ó ka owó fún ẹlòmíràn lédè Faransé, ó bá àwọn oníṣòwò Ìbàdàn méjì dúnàádúrà ní Yorùbá, ó sì ń fi Íbò díẹ̀díẹ̀ dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn. Ọ̀gá náà, ọmọ ilẹ̀ wa, ní fún mi pé ọmọ yìí kì í jí, kì í sì í ṣì kà. Nígbà tí bélì tuntun dé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọwọ́ kan, mo gbé ìkejì. Ẹ̀yìn mi fẹ́ẹ̀ kán. Ó ń rẹ́rìn-ín mi. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń wo fọ́tò rẹ̀, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn nínú ọ̀kan.

Àjèjì lójú, kò fi ríran. Bí mo bá lo ọjọ́ méjì péré, n bá padà wá sọ fún yín pé Kútọnu dùn, pé ère wọ́n ga. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà pé ohun tí ìlú ń fi han àlejò, ohun tí ìlú ń ṣe lọ́jọ́ kan náà ni; ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, inú ilé ló wà, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Èdè wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá rí oúnjẹ jẹ, tó rí owó ilé san, a kì í ní ó lówó, a ní àṣírí rẹ̀ bò. Ẹ kí àgbàlagbà kan ládùúgbò, ẹ ní ṣé dáadáa ni, á ní, "A dúpẹ́, àṣírí ń bò." Ọ̀rọ̀ kan náà la sì ń lò fún ohun tí ẹnìkan ń fi pamọ́ tí kò fẹ́ kó tú. Mo ti ń kọ ewì láti ọdún àkọ́kọ́ mi níbí, n kò fetí sí i rí. Ẹni tó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ìgbé-ayé ojoojúmọ́ gan-an ni àṣírí: ìkòkò tó ṣófo, aṣọ kan ṣoṣo tí à ń fọ̀ lálẹ́ tí à ń wọ̀ láàárọ̀, ọkùnrin méjì lórí mátírẹ́ẹ̀sì kan. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ a kì í tẹ́ ẹ síta. Àlejò tó bá sùn mọ́jú, a ti fà á sábẹ́ aṣọ ìbora yẹn náà. Ó ti di ara àwọn tó gbọ́dọ̀ bò ó.

Nítorí náà, nígbà tí Akọ̀wé sìn mí dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kẹfà, tó ní, "Ìyá mi á bi ẹ́," mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó fún mi ní ọ̀rá kan, bùláòsì aláwọ̀ ewé kan wà nínú rẹ̀. Inú bélì ló ti ṣà á, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ̀ ọ́, ó dára ju tuntun. "Sọ pé ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á."

Ìyá náà bi mí lóòótọ́. "Báwo lo ṣe bá a? Ṣé ó ń jẹun?" Mo ní ó ń jẹun, mà. "Ṣé kò rù?" Mo ní kò rù, apá rẹ̀ ti le. "Ìwé náà ńkọ́?" Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni, mà."

Ẹ dúró síbí pẹ̀lú mi. Nínú gbogbo gbólóhùn yẹn, èwo nirọ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Mo rí i. Mo bá a gbé bélì. Bí ẹ bá gbé mi lọ sílé ẹjọ́, n kò ní jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu ni mo ti mọ ohun tí etí ìyá yẹn máa gbọ́. Mo yan ọ̀rọ̀ náà nítorí etí rẹ̀ ni. Ojúlówó epo tí wọ́n gbé gba ẹ̀yìnkùlé: kpayo ni mo tà fún un. Ó wọ bùláòsì náà lé ara ẹ̀ lórí níbẹ̀, ó ń yí po láàárín àpò ẹlùbọ́, ó ní ọmọ òun ti mọ ṣọ́ọ̀bù ńlá. N kò sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, màá ní mo ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ ń ṣe, n kò sì ní kọ àpilẹ̀kọ yìí rárá.

Àmọ́ ó pe àbúrò Akọ̀wé jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀. Ó ní, "Wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé. Kó sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún ẹ." Ó wá yíjú sí mi: tó bá di oṣù kẹwàá, èyí náà ń lọ. Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí sikọ́láṣíìpù gbà, òun náà á rí i. Òun ti yá 600,000 náírà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ bonjour.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní yàrá wa ní hósítẹ̀lì láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń kọ́ òfin ní òtítọ́ ni òtítọ́, kí n lọ sọ fún ìyá náà láàárọ̀. Èkejì ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n jẹ́ kí àwọn ẹbí yanjú ara wọn. Wọ́n jà lórí rẹ̀ títí iná fi lọ. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Onítọ̀ọ́tọ́ yẹn ò tíì sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì ẹnikẹ́ni rí, ojú rẹ̀ kò tíì já sí àṣírí tí wọ́n fi gbà á lálejò. Èkejì sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé dídákẹ́ kì í ná ẹnikẹ́ni lówó.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà já nìyí, ẹ lè bá mi jiyàn. Àṣírí Akọ̀wé, òun ló ni ín níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń sanwó rẹ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ san án, ó ń fi ìwé tó fi sílẹ̀ san án. Mo ní láti bò ó, kí n sì bò ó dáadáa. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ yá 600,000 náírà lórí rẹ̀ ni kò ti jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́. Ẹlòmíràn ti ń san nínú owó rẹ̀ láì mọ ohun tó ń rà. Síbẹ̀, kò tíì di tèmi. Bí mo bá lọ tú u fún ìyá náà, ọ̀rọ̀ á dé etí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí yóò rí nínú rẹ̀ ni ọmọ tó purọ́ fún un. Kò ní rí ẹni tó fi péńsù sétí lórí bélì, tó ń fi èdè mẹ́rin báni dúnàádúrà. Ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù. Ìyá yẹn fẹ́ràn ọmọ kan nínú fọ́tò, ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà ní Missèbo, tó dára jù ú lọ lójú tèmi, kò tíì pàdé ẹ̀.

Mo pe Akọ̀wé. Mo sọ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ fún un. Kò mọ̀. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ohun ìyanu fún un ni. Ó dákẹ́ pẹ́, mò ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó pe ìyá rẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nítorí lọ́jọ́ Ajé wọ́n ń lọ sanwó fọ́ọ̀mù. Mo ní bí kò bá pè é, èmi á sọ pé kí wọ́n dúró ná, tí wọ́n bá sì bi mí pé kí ló dé, n kò ní lè fi ẹnu yí i.

Ó ní, "Ìwọ náà fẹ́ kọ orúkọ mi sójú pátákó."

Ó wọ̀ mí lára. Mo ní, "Rárá o. Ṣọ́ọ̀kì náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ ni kí o kọ ọ́." Ó já fóònù.

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Kò gbé ìpè mi ní Ẹtì, kò gbé e ní Àbámẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé mo ti pàdánù ọ̀rẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí, mo sì tún ń ronú pé tí mo bá dákẹ́, irú ọ̀rẹ́ wo ni n bá ṣẹ́kù. Méjèèjì ló wà lọ́kàn mi, n kò rí ọ̀kan lé jáde. Ọmọ Ìjẹ̀bú fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ lálẹ́ Àìkú: "Ó wà níta von, ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti wákàtí kan." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá mi rán mi lọ ra ẹlùbọ́. Tàbí kí n sọ pé mo bẹ̀ ẹ́ kó rán mi. Mo bá Ìyá Akọ̀wé nídìí ìsọ̀, bùláòsì aláwọ̀ ewé náà ló wọ̀. Ó wọn kóńgò méjì fún mi, ó fọwọ́ bu èènì sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, kò wojú mi. Mo sanwó. Mo ti yí ẹ̀yìn padà kó tó pè mí.

"Aṣọ yìí, ṣé ibi iṣẹ́ rẹ̀ náà ló ti mú un?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fọwọ́ pa etí ọwọ́ aṣọ náà, ó yẹ rírán rẹ̀ wò nínú àti lóde.

"Ó mọ aṣọ yàn," ló wí, ó sì yíjú sí oníbàárà tó kàn.